Ẹni tó wà níwájú ni ìyà ń jẹ: èésú afẹ́fẹ́ tó gbé Geraint Thomas dé jẹ́sì yẹ́lò

Gbogbo ìgbà tí rèésì kẹ̀kẹ́ bá ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: "Ẹni tó wà níwájú yẹn ló máa gbà á." Ká ní eré ẹsẹ̀ ni, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Nínú rèésì kẹ̀kẹ́, irọ́ gbuu ni. Ẹni tó wà níwájú ni ìyà ń jẹ. Òun ló ń fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn ẹ̀, àwọn yẹn náà sì mọ̀, wọ́n rọra sá pamọ́ síbẹ̀, wọ́n ń jẹ̀gbádùn. Tí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ kan yìí dání, gbogbo ìrìn Geraint Thomas, ọmọ Cardiff ní Wales, á yé yín, láti ìgbà tó ń yípo nínú velodrome, ìyẹn pápá rèésì kẹ̀kẹ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn, títí dé ọjọ́ tó wọ jẹ́sì yẹ́lò, ẹ̀wù ẹni tó ń ṣáájú nínú Tour de France, rèésì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Faransé tí ẹni tí àròpọ̀ àkókò ẹ̀ bá kéré jù ń gbà, wọ Paris ní 2018.

Ti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò gba àkókò rárá. 1986 ni wọ́n bí i, ọmọdé ló wà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ Maindy Flyers ní Cardiff, ó gba rèésì Paris-Roubaix ti àwọn ọ̀dọ́ ní 2004, wọ́n mú un wọnú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ti Britain, ó ń bá a lọ. Ó tán. Ibi tó dùn ni ohun tí wọ́n ń ṣe nínú velodrome gan-an, ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń sọ pé "ṣé bí wọ́n á ṣe máa yípo nìyí ni", wọ́n á sì yí ṣánẹ́ẹ̀lì.

Rèésì tó sọ ọ́ di ẹni táyé mọ̀ lórúkọ ni wọ́n ń pè ní team pursuit. Èèyàn mẹ́rin ni tíìmù kan, 4,000 mítà ni wọ́n máa sá, pápá onígi yẹn sì jẹ́ 250 mítà, ìyípo 16 nìyẹn. Tíìmù kan á bẹ̀rẹ̀ lápá ibí, èkejì á bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, wọ́n á wá máa lé ara wọn. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò ní bíréèkì o. Gíà ẹ̀, ẹyọ kan péré ni. Kò tún ní fíríì, ìyẹn ni pé bí táyà bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni pẹ́dà á ṣe máa yí, ẹsẹ̀ tìẹ náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e, kò sí pé o fẹ́ dúró mí kanlẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ máa yọ̀ lọ fúnra ẹ̀.

Ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2008, níbi tí wọ́n ti gba wúrà, Thomas, Bradley Wiggins, Ed Clancy àti Paul Manning sá 4,000 mítà yẹn ní ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ǹdì 53.314, kò tíì sẹ́ni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé títí di ọjọ́ náà. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà 62 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ orí ìdúró ni wọ́n ti gbéra. Téèyàn bá ń sáré tó báyẹn, afẹ́fẹ́ kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́, ó ti di ògiri. Ẹni tó bá ti na ọwọ́ síta fèrèsé mọ́tò rí lórí ọ̀nà márosẹ̀ mọ ohun tá à ń sọ. Kì í sì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ló ń le: tó o bá sọ eré ẹ di ìlọ́po méjì, agbára tó o máa fi la afẹ́fẹ́ kọjá á di ìlọ́po mẹ́jọ. Àmọ́ ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́yìn, tí táyà iwájú ẹ̀ fẹ́ẹ̀ máa kan táyà ẹ̀yìn ẹ, ó lè rí bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yẹn fi pa mọ́, eré kan náà lẹ sì jọ ń sá o.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èésú ni wọ́n ń dá. Èésú gan-an, tí ọ̀pọ̀ kàn ń pè ní àjọ nísinsìnyí. Ẹ pé mẹ́rin, kálukú ń dá, ó sì ń kan kálukú láti kó. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń dá níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Wàá wà níwájú fún bí ìyípo kan, nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì 14 tàbí 15, o ti dá tìẹ nìyẹn, wàá bọ́ sẹ́yìn, wàá máa kó ibòji àwọn mẹ́ta yòókù títí tó tún máa fi kàn ẹ́. Agbára ò sì dọ́gba, bí ẹni tó ń ta góòlù àti ẹni tó ń ta ata ò ṣe lè máa dá iye kan náà, nítorí náà ẹni tí ara ẹ̀ le á dá ọwọ́ méjì, á wà níwájú fún ìyípo kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti ń rẹ̀ á ṣe ìdajì, á yà. Kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ẹni tí wọ́n máa bá jà ni ẹni tó bá dé iwájú tó wá fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí, tó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ lójijì láti fi hàn pé ara òun le lónìí. Ìyẹn ló ń fọ́ èésú. Torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́wọ́, ó fẹ́ padà lẹ̀ mọ́ ìdí ìlà, ìwọ wá sáré sí i, o ti já a sílẹ̀. Wọ́n ti ní iye sẹ́kọ́ǹdì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìyípo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọ pápá, kọ́ọ̀ṣì wọn á sì máa rìn létí pápá lọ síwá sẹ́yìn, ibi tí wọ́n bá ti bá a lórí ìdúró ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti yá ju ètò lọ àbí wọ́n ti ń pẹ́. Kò sí rédíò, kò sí ariwo tí wọ́n lè gbọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Àmọ́ ibi tó yẹ kéèyàn wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀.

Pápá yẹn kì í ṣe pẹrẹsẹ. Tó bá ti dé kọ́nà, ó dagun sókè fíìn, ibi tó le jù níbẹ̀ fẹ́ẹ̀ rí bí òrùlé ilé, téèyàn bá wọ bàtà lásán dúró síbẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹni tó wà níwájú á gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dé ẹnu kọ́nà, dípò kó tẹ̀ lé ìlà ìsàlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, á gbà á sókè lọ sórí gẹ̀rẹ́ yẹn. Ẹ rántí pé kò ní bíréèkì. Òkè yẹn ni bíréèkì ẹ̀. Bó ṣe ń gùn ún, eré ẹ̀ ń dín kù, ọ̀nà tiẹ̀ náà sì ń gùn sí i, àwọn mẹ́ta yòókù sì ń gba ìsàlẹ̀ níbi tó kúrú, wọ́n ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ fìrì, fìrì, fìrì. Kó tó di pé ẹni kẹta kọjá tán, òun ti gbọ́dọ̀ dorí kẹ̀kẹ́ kọ ìsàlẹ̀, òkè yẹn á wá dá eré tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀ padà fún un. Kò jẹ ẹ́, ó kàn bá a tọ́jú ẹ̀ ni, alájọ tó ṣeé fọkàn tán. Á já bọ́ sẹ́yìn táyà ẹni kẹta yẹn gẹ́lẹ́, àárín wọn ò ní ju ìwọ̀n ọwọ́ èèyàn lọ, gbogbo ẹ̀ ò sì gbà ju sẹ́kọ́ǹdì bíi mélòó kan.

Tó bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ pẹ́ ńkọ́? Tó bá pẹ́ tó fi jẹ́ pé ìdajì kẹ̀kẹ́ ṣófo láàárín òun àti ẹni kẹta? Afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn. Ó ní láti sáré dí i, ìgbà tó yẹ kó máa kó lẹ́yìn ló tún ń dá, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́bọ̀ lápò ẹ̀ mọ́. Gbèsè ni, èlé sì ń gorí ẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ tíìmù tẹ́ ẹ máa ń rí tó ń tú ká nígbà tó ku ìyípo mẹ́ta, kì í ṣe pé wọn ò lágbára, pàṣípààrọ̀ kan ló bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Wọ́n á ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú tí kò pé mẹ́rin, pẹ̀lú ọkàn tó ń lù bí ìlù bàtá àti ojú tó ti ń ṣú.

Ó wá ku òfin kan, òfin yẹn ló jẹ́ kí rèésì yìí gbọ́n. Aago ò dúró de ẹni àkọ́kọ́, kò dúró de ẹni tó kẹ́yìn. Táyà iwájú ẹni kẹta ló ń pa á. Ẹ ò rí i bó ṣe rí? Ká ní ẹni àkọ́kọ́ ni, èésú ò ní wúlò, alágbára kan á kàn bá tiẹ̀ lọ. Ká ní ẹni kẹrin ni, aláìlera ibẹ̀ ni gbogbo wọn á máa dúró dè. Bí wọ́n ṣe mú ẹni kẹta yẹn, ó di pé tíìmù lè ná ẹnì kan tán pátápátá. Tó bá ti ku ìyípo mélòó kan, ẹnì kan á wà níwájú títí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi gbẹ, á gun kọ́nà lọ sókè, kò sì ní padà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ó ti dá, kò kó. Èèyàn á máa wò ó bíi pé ó kùnà, òǹwòran á ní "hẹn, ó ti rẹ ti orí òkè yẹn", bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe iṣẹ́ jù. Wọ́n á fún òun náà ní wúrà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn wọ́n ti ku mẹ́ta, ẹ̀mí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di ọ̀kan, bí ẹyọ ẹnì kan bá já bọ́, gbogbo wọn ló já bọ́.

Thomas tún gba wúrà yẹn ní London ní 2012, pẹ̀lú Clancy, Steven Burke àti Peter Kennaugh, wọ́n ṣe é ní 3:51.659, àwọn ará Australia ni wọ́n fi ṣe kejì. Ẹ wo ohun tó fi ra wúrà yẹn: Tour de France ọdún náà ò rí i rárá, Wiggins ló gba Tour nínú tíìmù Thomas gan-an, òun sì wà lẹ́nu ìmúrasílẹ̀ fún velodrome.

Ó wá kan títì. Àwọn kan gbà pé velodrome àti Tour ò jọra rárá, pé ẹni tó mọ ìṣẹ́jú mẹ́rin dunjú ò lè mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o: nígbà tí Thomas kọ́kọ́ sá Tour ní 2007 pẹ̀lú tíìmù Barloworld, òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo wọn, ipò 140 ló sì ṣe nínú àwọn 141 tó parí ẹ̀. Àmọ́ èésú kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lórí títì, gbogbo tíìmù ló ń dá, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó. Àwọn yòókù á gba afẹ́fẹ́ fún un, wọ́n á lọ gbé omi wá fún un láti ara mọ́tò tíìmù, bí táyà ẹ̀ bá jò wọ́n á yọ tiwọn fún un, òun á máa sá pamọ́ láti àárọ̀ títí di kìlómítà mélòó kan tó gbẹ̀yìn. Àwọn Faransé tó dá a sílẹ̀ ò tiẹ̀ fi bò, domestique ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìtumọ̀ ẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Thomas jẹ́ fún Chris Froome nínú Team Sky fún ọdún gbọọrọ. Ní 2013, ọjọ́ kìíní Tour ló ti ṣubú ní Corsica, egungun ìbàdí ẹ̀ sán, ó sì gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ogún ọjọ́ yòókù dé Paris, Froome gbà á. 2015, Froome gbà á, Thomas ṣe ipò 15. 2016, Froome gbà á, Thomas tún ṣe ipò 15. 2017 ló kọ́kọ́ wọ jẹ́sì yẹ́lò, ní Düsseldorf ní Jámánì lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó máa di ọjọ́ kẹsàn-án ó ti ṣubú, egungun èjìká kán, ó lọ sílé, Froome tún gbà á. Ẹni tó bá dá èésú tó báyìí láìkó, àwọn ará ilé ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ta ni olórí èésú yín.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kì í ṣe Froome nìkan o. Òkè ni. Ní pápá velodrome, afẹ́fẹ́ ni owó tí wọ́n ń ná. Lórí òkè ńlá níbi tí eré ò ti ju bí 20 kìlómítà ní wákàtí lọ, ibòji ẹlòmíì ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, bó o ṣe wúwo tó ló kù. Èèyàn tó ní iṣan itan gbàǹgbà fún velodrome tó wá gbé e dé ẹsẹ̀ òkè Alps, ó dà bí ẹni tó gbé náírà kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ Kútọnu: owó ni lóòótọ́, àmọ́ tí o kò bá ṣẹ́ ẹ, oúnjẹ ọ̀sán ò ní rọrùn. Thomas lọ ṣẹ́ owó. Lẹ́yìn London ó fi velodrome sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Ó gba Paris-Nice ní 2016, ó gba Critérium du Dauphiné ní 2018, oṣù kan ṣáájú Tour. Ohun tí ò sì yí padà ni ìmọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn, bó o ṣe ń rọra sá pamọ́, bó o ṣe ń dúró sẹ́yìn táyà ẹlòmíì fún wákàtí márùn-ún láìfi agbára kankan ṣòfò.

Tour 2018 wá ni èyí tó máa ń bí èèyàn nínú tí wọ́n bá ń sọ ọ́. "Froome ló jínkìí ẹ̀." Rárá. Lọ́jọ́ kìíní, Froome bọ́ sínú koríko létí ọ̀nà, ó sọ sẹ́kọ́ǹdì 51 nù. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sá rèésì tíìmù ní Cholet, mẹ́jọ ni wọ́n, ẹni kẹrin sì ló ń pa aago, ẹ ò rí i pé ẹ ti mọ rèésì yẹn tẹ́lẹ̀, Sky ṣe kejì, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin péré ni wọ́n fi jù wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kọkànlá ní La Rosière, Thomas yọ lọ lórí òkè, ó gba ọjọ́ yẹn, ó gba jẹ́sì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó tún gba ti òkè Alpe d'Huez, kò sí ọmọ Britain kankan tó gbà á rí ṣáájú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè Col du Portet lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ẹsẹ̀ Froome kọ̀, Thomas ò kọ̀. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ o lè gba afẹ́fẹ́ fún èèyàn, ìyẹn ṣeé fi ta lọ́rẹ. Lórí òkè tó le báyẹn, kò sí ohun tí Froome fẹ́ fún un.

Wákàtí 83, ìṣẹ́jú 17 àti sẹ́kọ́ǹdì 13 ló fi ṣe gbogbo ẹ̀. Ó fi ìṣẹ́jú 1 àti sẹ́kọ́ǹdì 51 ju Tom Dumoulin tó ṣe kejì lọ, Froome ṣe kẹta. Kò tíì sí ọmọ Wales kankan tó gbà á rí. Ìwé àkọsílẹ̀ wá kọ orúkọ ẹyọ kan, ibẹ̀ sì ni ètò Tour yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Ní Òlíńpíìkì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gun pèpéle, títí kan ẹni tó rẹ̀ tán sórí kọ́nà. Ní Tour, Luke Rowe, ọmọ Cardiff bíi tiẹ̀, ọmọ Maindy Flyers bíi tiẹ̀, ló ń fi àyà gba afẹ́fẹ́ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lójoojúmọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ò pọ̀. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ fúnra wọn ló wá wá ọgbọ́n sí i: owó tí ẹni tó gba Tour ń gbà, 500,000 yúrò, àṣà wọn ni pé kì í dá a ná, inú àpò tíìmù ló ń lọ, wọ́n á pín in. Kò sí nínú òfin. Ẹ̀rí ọkàn èésú ni.

Ní 2019, ó kan ẹlòmíì, Egan Bernal nínú tíìmù kan náà kó o, Thomas ṣe kejì. Ní 2022 ó ṣe kẹta.

Ní 2023, ó wọ Giro d'Italia, rèésì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Ítálì, ó pé ọmọ ọdún 37 nínú rèésì yẹn gan-an, jẹ́sì píǹkì tí ẹni tó ń ṣáájú níbẹ̀ ń wọ̀ sì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kó parí, ó fi sẹ́kọ́ǹdì 26 ju Primož Roglič lọ. Wọ́n wá ní kí kálukú dá gun òkè Monte Lussari lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ibòji, kò sí èésú, ìwọ àti òkè ni. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ Roglič tiẹ̀ yọ lójú ọ̀nà, ó sì tún fi sẹ́kọ́ǹdì 40 ju Thomas lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, sẹ́kọ́ǹdì 14 ló fi pàdánù ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé Rome, ọjọ́ ìkẹyìn tí ipò Thomas ò lè yí padà mọ́, ó kàn yẹ kó rọra gùn ún délé ni. Mark Cavendish wà níbẹ̀, tíìmù mìíràn ló wà, Astana, ọ̀rẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n, ó sì ti kéde pé Giro òun tó kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ìlà, Thomas já jáde láàárín èrò, ó bọ́ síwájú Cavendish, ó fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún un bí ẹni pé tíìmù ẹ̀ ni. Nígbà tí Cavendish kọjá ìlà tó gbé ọwọ́ sókè, Thomas ti wà lẹ́yìn nínú èrò, ó ti dá tiẹ̀ tán.